Ọ̀nà Tí Afẹ́fẹ́ Máa Gbà Jáde

Ẹni tó bá to bàálù ajagun àfarawé láti inú páálí yóò rí i pé ìyẹ́ rẹ̀ gún régé, imú rẹ̀ sì mú ṣóńṣó. Àmọ́ tó bá yọjú wo ibi tí awakọ̀ ń jókòó sí, àga gbọ̀ọ̀rọ̀ kan àti pátákó tí wọ́n fín aago sí lára ni yóò bá níbẹ̀. Kì í ṣe pé àwọn tó ṣe é ya ọ̀lẹ. Mọ́ọ̀dù irin ni wọ́n fi ń tẹ ike, irin kì í sì í tẹ̀. Ohun tó bá wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè jáde tààrà. Bí bẹ́líìtì àga bá gbé ara sókè díẹ̀ tí abẹ́ rẹ̀ sì ṣófo, inú irin ni yóò há sí. Mọ́ọ̀dù sílíkóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè fà á, yóò ya ẹnu, yóò tú ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì padà sí bó ṣe wà. Nítorí èyí ni mo ṣe ń fi rẹ́sìnì, ìyẹn ike olómi tó máa ń gan, da yàrá awakọ̀ fúnra mi nínú irú mọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀.

MiG-21MF ló wù mí jù, irú bàálù ajagun tí Nàìjíríà gbà láti ilẹ̀ Soviet ní 1975. Ìwọ̀n 1/48 ni mo ń lò: ìyẹ́ tó fẹ̀ tó mítà 7.15 yóò di nǹkan bíi mìlímítà 149, súìṣì tó gùn ní mìlímítà 24 yóò sì di ààbọ̀ mìlímítà. Àwọ̀ inú yàrá náà wà láàárín ewé àti búlúù, kò sì sí ẹni tó rí i lẹ́ẹ̀kan tó máa ṣì í mọ̀. Ìlà funfun kan wà láàárín pátákó aago, ó ṣe tààrà lọ sísàlẹ̀. Bí bàálù bá ń pòòyì já bọ̀ láti òkè, awakọ̀ yóò ti ọ̀pá ìtukọ̀ sí ọ̀gangan ìlà yẹn, kó lè dá a lójú pé àárín gan-an ló wà. Ẹni tó bá kun yàrá MF láìfa ìlà náà, kò tíì wo fọ́tò dáadáa. Rọ́bà dúdú tún wà tó yọ jáde yí ojú rédà ká, inú rẹ̀ sì jìn. Irú nǹkan báyìí gan-an ni irin kì í lè bí.

Àkọ́ṣe ni mo kọ́kọ́ ń ṣe, ìyẹn ẹyọ kan tí gbogbo ìyókù yóò jọ. Ike pẹlẹbẹ, wáyà bàbà àti wáyà òjé ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Òjé rọ̀ lọ́wọ́, ó dára fún páìpù ẹ̀yìn àga KM-1, àga tó máa ń gbé awakọ̀ fò jáde bí nǹkan bá bàjẹ́. Tí mo bá da sílíkóònù lé e lórí kó lè di mọ́ọ̀dù, gbogbo ohun tó bá wà lára àkọ́ṣe ló máa ń mú, títí kan ipa ìka ẹni tó ṣe é. Mo máa ń fọ́n ọ̀dà eérú sí i kí n lè rí ibi tó họ, kí n tún un yún.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí o: kí èèyàn tó po ohunkóhun, kó jókòó ro ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Rẹ́sìnì yóò wọlé láti òkè, afẹ́fẹ́ náà yóò fẹ́ gba òkè lọ, igunkígun tí kò bá sì ní ojú ọ̀nà ni yóò fara pamọ́ sí. Àga ni mo máa ń dà ní ìdorí kodò, nítorí ìdí rẹ̀ ni rẹ́sìnì ń gbà wọlé, ilẹ̀ yàrá yóò sì bo ojú ibi tí mo bá fi ayùn gé. Ṣùgbọ́n tí mo bá gbé e dúró gbọnrangandan, abẹ́ ìgbápálé rẹ̀ ti di òkè, afẹ́fẹ́ á jókòó síbẹ̀. Mo máa ń dá a tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, mo sì ń fi abẹ la ojú ọ̀nà tín-ín-rín láti ibẹ̀ jáde. Ti pátákó aago yàtọ̀: ó ń dojú bolẹ̀, ihò àwọn súìṣì sì kéré débi pé rẹ́sìnì lè fò wọ́n. Igi ìtayín ni mo fi ń kì í bọ inú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan kí n tó da ìyókù lé e. Àwọn tó da orí idẹ Ifẹ̀ náà mọ ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n gbọ́dọ̀ fọ́ amọ̀ wọn kí iṣẹ́ tó lè jáde. Mọ́ọ̀dù sílíkóònù tèmi lè bí ogún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya.

Lẹ́yìn náà ni mo ń gbé mọ́ọ̀dù sínú ìkòkò irin tí mo so mọ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, irú èyí tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí táyà. Afẹ́fẹ́ tó ṣẹ́ kù nínú rẹ́sìnì kì í jáde. Ńṣe ni agbára inú ìkòkò náà ń fún un pọ̀ títí ojú kò fi ní rí i mọ́. Bí hóró afẹ́fẹ́ bá sì wà nínú sílíkóònù fúnra rẹ̀, agbára yẹn yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé, ara àga yóò wá yọ kókó bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fa afẹ́fẹ́ inú sílíkóònù jáde. Sílíkóònù náà yóò wú sókè ní ìlọ́po mélòó kan kó tó wó padà, nítorí náà ẹ lo abọ́ tó tóbi.

Ìgò méjì ni rẹ́sìnì máa ń wà, ìṣẹ́jú díẹ̀ péré lẹ sì ní lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó pọ̀. Omi kì í bá a rẹ́, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ lásán lè mú kó hó. Èéfín rẹ̀ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, eruku rẹ̀ náà kò dára. Ẹ bo imú, kí ẹ sì fi omi yún un. Nípa ìbọ̀wọ́, ẹ má lo ti látẹ́ẹ̀sì tí sílíkóònù yín bá jẹ́ irú tó ń lo plátínọ́ọ̀mù, nítorí imí-ọjọ́ inú látẹ́ẹ̀sì kì í jẹ́ kó gan.

Ilẹ̀ Czech ni mo ti ń rí yàrá tó ń mú mi jowú. Iṣẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ Aires àti Eduard mọ́ débi pé mo ń rà wọ́n láti fi kọ́ṣẹ́. Kò yà mí lẹ́nu. Czechoslovakia lo MiG-21, wọ́n tilẹ̀ gbàṣẹ láti kọ́ irú rẹ̀ tó ń jẹ́ F-13 fúnra wọn, èèyàn sì lè rí àwọn bàálù náà lónìí ní mùsíọ́ọ̀mù Kbely ní Prague. Ní báyìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé 3D ti wọ ọjà. Mo gbà pé bẹ́líìtì tirẹ̀ mú ju tèmi lọ. Àmọ́ lára ògiri pẹlẹbẹ, ìlà ìpele rẹ̀ máa ń hàn, yíyún rẹ̀ sì lè pa àwọn súìṣì tí a torí wọn ṣe é.

Tó bá kù kí yàrá wọ inú bàálù, gílùù ike kò wúlò, kò lè jẹ rẹ́sìnì. Súpà gílùù ni. Ike bàálù fúnra rẹ̀ nípọn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ ní láti fá inú rẹ̀ títí ìmọ́lẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á kọjá. Dígí orí MF ń ṣí sí ọ̀tún, nítorí náà òsì ni olùwò ti ń yọjú wọlé, ògiri ọ̀tún ni ojú rẹ̀ sì kọ́kọ́ ń bà. Ibẹ̀ ni mo ń kó èyí tó dára jù nínú ohun tí mo dà sí. Èyí tí afẹ́fẹ́ bá jẹ súìṣì kan lára rẹ̀, mo ń lò ó lápá òsì.