Ìdáríjì Torvald àti Ìlẹ̀kùn tí Nora Tì

Bí a bá dárúkọ Ilé Ọmọlangidi, eré tí Henrik Ibsen ará Norway kọ, tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní Copenhagen ní oṣù Kejìlá ọdún 1879, ohun tí àwa olùṣọ́-àgùntàn sábà máa ń béèrè ni pé: ṣé ó tọ́ kí Nora fi ọkọ àti ọmọ mẹ́ta sílẹ̀? Lójú tiwa, ó yẹ kí ìbéèrè mìíràn ṣáájú èyí.

Nígbà tí Torvald ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn, Nora yá owó ìrìn-àjò Ítálì lọ́wọ́ Krogstad ní ìkọ̀kọ̀, ó sì buwọ́ lùwé ní orúkọ bàbá rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ ni, a kò ní fún un ní orúkọ mìíràn. Nígbà tí àṣírí tú, Torvald ní kò yẹ lẹ́ni tí í tọ́ ọmọ mọ́, kí wọ́n ṣáà máa gbé pọ̀ nítorí ojú ayé. Láìpẹ́, Krogstad dá ìwé gbèsè náà padà. Torvald kígbe pé òun ti bọ́! Nora ló béèrè pé òun náà ńkọ́. Ẹ̀yìn èyí ni Torvald tó sọ pé òun ti dárí jì í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wàásù Éfésù orí karùn-ún, ẹ wo ìdáríjì yìí dáadáa. Ó dúró títí ewu fi kọjá, kò sì ná an ní nǹkan kan. Kristi kò dúró kí gbèsè wa tán kó tó fẹ́ràn wa.

Ní 1880, òṣèré Jámánì kan, Hedwig Niemann-Raabe, kọ̀ láti ṣe Nora tó ń kọ ọmọ sílẹ̀. Ibsen bá kọ òpin mìíràn, tí kò dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀: Torvald fa Nora dé ẹnu ọ̀nà yàrá àwọn ọmọ, ó wó lulẹ̀ níbẹ̀, kò sì lọ mọ́. Òpin yìí lè tù wá nínú, ṣùgbọ́n Torvald kò yí padà nínú rẹ̀. Ilé kò dàrú, ìgbéyàwó kò sì sàn.

Nínú òpin ti àkọ́kọ́, Nora ní àfi kí àwọn méjèèjì yí padà pátápátá, kí ìgbépọ̀ wọn tó di ìgbéyàwó. Ó pè é ní ìyanu, ó sì ní òun kò gba ìyanu gbọ́ mọ́. Torvald ní òun yóò gbà á gbọ́. Ìlẹ̀kùn dún gbàà. Ibsen kò sọ bóyá Nora padà wá. Àwọn ọmọ tó ń sùn kò sì rí ẹni gba ẹnu wọn sọ̀rọ̀.

A kò lè bá Ibsen parí eré rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwa gbà pé Ẹ̀mí Mímọ́ ń yí ènìyàn padà, nítorí náà iṣẹ́ wà fún wa níbi tó dákẹ́ sí. Kí a tó sọ fún ìyàwó kan pé kó padà sílé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi ọkọ pé: ìdáríjì rẹ, kí ló ná ọ?