Ohùn Difang Lẹ́yìn Odi: Ọ̀nà Tí Orin Taiwan Ń Gbà Dé Etí Àjèjì

Ohùn bàbá àgbàlagbà kan ló ṣí “Return to Innocence”, orin ẹgbẹ́ olórin Enigma tí wọ́n fi polówó Ìdíje Òlíḿpíìkì Atlanta ní 1996. Difang ni bàbá náà, àgbẹ̀ ọmọ ẹ̀yà Amis láti Taitung ní ìlà-oòrùn Taiwan. Kuo Ying-nan ni wọ́n ń pè é nínú ìwé ìjọba. Igay, ìyàwó rẹ̀, ló ń bá a kọ ọ́. Nígbà tí orin yìí kọ́kọ́ jáde, kò sí orúkọ ẹnì kankan nínú wọn lára àwo.

Bí ohùn wọn ṣe dénú orin Enigma kò díjú. Ní 1988, Difang, Igay àti àwọn olórin mìíràn láti Taiwan lọ ṣeré ní Yúróòpù. Maison des Cultures du Monde ní Paris gbé àwo orin àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀ Taiwan jáde, ohùn tọkọtaya náà sì wà níbẹ̀. Michael Cretu, olórí Enigma, rí àwo yìí, ó sì gé èyí tó wù ú. Owó yí ọwọ́ ní Paris. Kò dé Taitung.

Ọ̀rọ̀ owó yìí ni wọ́n sábà máa ń sọ. Lójú tèmi, ohun tí gígé náà ṣe sí iṣẹ́ ọnà gan-an ló yẹ ká wò fínnífínní. Orin ìmutí àwọn àgbà Amis ni Cretu gé. Etí Yorùbá á kọ́kọ́ rò pé lílé àti ègbè ni: ẹnì kan lé, àwọn tó kù gbà. Ṣùgbọ́n ègbè tiwa sábà máa ń fẹnu kò sójú kan. Ti Amis kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó lé orin ṣílẹ̀kùn lásán ni. Ohùn kejì á wọlé, á gba ọ̀nà tirẹ̀, wọ́n á pàdé, wọ́n á tún yà, ẹnìkan kò ní dúró de ẹnìkejì. Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè jẹ́ ìró tí kò ní ìtumọ̀, nítorí náà ìrìn ohùn fúnra rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ orin náà. Cretu mú ìbẹ̀rẹ̀, ó ki ìlù tí kì í yí padà bọ̀ ọ́ nídìí, ó sì ń pè é padà lẹ́yìn ẹsẹ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àwọn ohùn di ọ̀ṣọ́. Ó dùn o, n kò ní parọ́. Àmọ́ ẹni tó gbọ́ ọ kò lè mọ̀ pé orin náà ní ibi tó ń lọ.

Ní 1998, Difang àti Igay pẹjọ́ ní Amẹ́ríkà lórí bí wọ́n ṣe lo ohùn wọn. Ní 1999 wọ́n parí rẹ̀ níta kóòtù, orúkọ wọn sì wọ inú àwọn àtúntẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Èyí dáa. Àmọ́ ní 1998 kan náà, nígbà tí Magic Stone, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo jáde ní Taiwan, fẹ́ ṣe àwo Difang fúnra rẹ̀, “Circle of Life”, Dan Lacksman ará Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún, kíbọọ̀dù àti ìlù ẹ̀rọ sì tún yí bàbá náà ká. Orúkọ rẹ̀ wà níwájú àwo wàyí, ṣùgbọ́n aṣọ tí Enigma dá fún un ló ṣì wọ̀.

Kì í ṣe ẹ̀rọ ni mo ń bá wí. Abao, olórin obìnrin ọmọ ẹ̀yà Paiwan ní Taiwan, fi èdè ìyá rẹ̀ kọ “Kinakaian” lórí ìlù ẹ̀rọ, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ àwo ọdún ní Golden Melody, àmì ẹ̀yẹ orin Taiwan, ti 2020. Chthonic, ẹgbẹ́ onímẹ́tàlì láti Taiwan, gbé erhu, tó jọ gòjé, sáàárín gìtá tó ń bú ramúramù, wọ́n sì fẹsẹ̀ tẹ pèpéle àjọ̀dún orin Ozzfest ní Amẹ́ríkà ní 2007. Àwọn wọ̀nyí ló yan ìlù fún ara wọn. Ta ló bi Difang léèrè?

Bàbá náà kú ní 2002. Ẹ̀yin tó ń ṣètò eré lókèèrè, ẹ kọ orúkọ olórin sára ìwé, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí orin parí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ́kọ́ wá àwo ti Paris gbọ́, kẹ́ ẹ tó gbọ́ ti Enigma.