Ìwé Kíkà Láìsí Ìwé Kíkọ: Ẹ̀kọ́ Láti Ìbàdàn

Lọ́dọọdún ni àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa máa ń yan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi ń ka iṣẹ́ àwọn òǹkọ̀wé ńlá kí wọ́n tó gba ìwé-ẹ̀rí licence. Wọ́n á mọ bí a ti í ṣe àlàyé iṣẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n á sì mọ bí a ti í tú ewì palẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí wọ́n kọ ìtàn ojú-ewé márùn-ún láti inú orí ara wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn á dákẹ́. Èrò mi ni pé àbùkù náà kò sí lára akẹ́kọ̀ọ́. Ara ọ̀nà tí a gbà ń kọ́ lítíréṣọ̀ ni ó wà, kò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí.

Ọdún 1948 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ gíga Ìbàdàn sílẹ̀. Abẹ́ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà, ìwé-ẹ̀rí Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ sì ń gbà títí di 1962 tí ó fi dá dúró. Chinua Achebe wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ibẹ̀. Ìmọ̀ ìṣègùn ni ó bá lọ, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún kan ó yà sí ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ìtàn àti ẹ̀sìn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ròyìn ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí i níbẹ̀, ó sì yẹ kí gbogbo olùkọ́ lítíréṣọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì kéde ìdíje ìtàn kúkúrú. Wọn kò rí ẹni tí ẹ̀bùn tọ́ sí, ṣùgbọ́n wọ́n dárúkọ ìtàn Achebe, wọ́n ní àléébù rẹ̀ ni pé kò ní ìhun. Ó lọ bá olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn pé kí ó ṣàlàyé ohun tí ìhun jẹ́ fún òun. Olùkọ́ ní òun ń lọ gbá tẹníìsì, kí ó padà wá. Ó lọ, ó bọ̀, títí sáà ẹ̀kọ́ fi ń parí lọ. Nígbẹ̀yìn gbẹ́yín, olùkọ́ wí fún un pé òun ti tún ìtàn náà kà, kò sí ohun tí ó ṣe é.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú rẹ̀. Olùkọ́ náà mọ orúkọ ohun tí ó sọnù, kò lè fi han ọmọ bí a ti í ṣe é. Ó dà bí ẹni tí ó tọ́ ọbẹ̀ wò, tí ó ní kò dùn, tí kò sì lè sọ bóyá iyọ̀ ni ó kù tàbí ata.

Ẹnìkan lè sọ pé Ìbàdàn náà kúkú ni ó bí Achebe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí iṣẹ́ ti wọlé sí wọn lára. Inú ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́, University Herald, ni Achebe ti tẹ àwọn ìtàn rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, J. P. Clark dá The Horn sílẹ̀ fún ewì, pẹ̀lú ìwúrí olùkọ́ kan, Martin Banham. Christopher Okigbo, tí ó ka èdè Látìn àti Gíríìkì, kọ ewì sínú rẹ̀. Abiola Irele, tí ó wá di ọ̀mọ̀wé nínú lítíréṣọ̀ Faransé lẹ́yìn náà, wà lára àwọn olóòtú rẹ̀. Ìwé kíkà náà sì ṣe ipa tirẹ̀: Mister Johnson tí Joyce Cary kọ bí Achebe nínú débi pé ó rí i pé ọmọ ilé ni ó yẹ kí ó sọ ìtàn ilé. Kíláàsì fún un ní ohun tí yóò bá jà; ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì fún un ní ibi tí yóò ti dán ọwọ́ rẹ̀ wò.

Àwọn ilẹ̀ mìíràn ti so ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Láti 1936 ni wọ́n ti ń kọ́ni ní ìwé kíkọ ní Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà. Ní 1970, Malcolm Bradbury àti Angus Wilson bẹ̀rẹ̀ irú rẹ̀ ní Yunifásítì East Anglia ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ian McEwan ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́, Kazuo Ishiguro náà gba ibẹ̀ kọjá. Àwọn ìyẹn wà fún ẹni tí ó ti gboyè kan tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lónìí ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé lè ka lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ìwé kíkọ pọ̀ fún oyè kan ṣoṣo. Akẹ́kọ̀ọ́ á mú iṣẹ́ rẹ̀ wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á kà á, wọ́n á sọ ibi tí ó ti rú wọn lójú. Òun á dákẹ́ gbọ́, á sì lọ tún un kọ. Ọ̀nà náà ní ewu tirẹ̀. Bí gbogbo àwọn tí ń kà bá jẹ́ ará ibì kan náà, wọ́n lè ní kí òǹkọ̀wé yọ òwe àti oríkì kúrò nítorí pé kò yé wọn. Ṣùgbọ́n ó dára ju kí a ní kí ọmọ padà wá lẹ́yìn tẹníìsì.

Àwọn àgbà kan á ní ẹ̀bùn ni ìwé kíkọ, a kì í kọ́ ọ. Àwa ará Kétu kò yẹ kí a gba ìyẹn gbọ́. Kò sí akọrin Ẹ̀fẹ̀ tí í bọ́ sójú agbo láìjẹ́ pé ó ti fetí sí àwọn tí ó kọrin ṣáájú rẹ̀. Agbo náà ni lámèyítọ́ rẹ̀. Ẹni tí ń gbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sì ní ọ̀gá tí ó kọ́ ọ. Ọmọ-iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà kì í fi ọdún mẹ́ta wo ère tí ẹlòmíràn gbẹ́, kí wọ́n wá ní ó ti gboyè.

Àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ àwa tí a ń ka èdè Faransé jù ni Akínwùmí Ìṣọ̀lá. Èdè Faransé ni ó kà gboyè ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, nígbà tí ó wà ní akẹ́kọ̀ọ́ ní àwọn ọdún 1960 ni ó kọ eré-onítàn Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní èdè Yorùbá. A tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1970. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ìhun jẹ́, kí ó ka eré náà. Orí òfin kan ṣoṣo ni ó dúró lé: Ìyálóde tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú nígbà ìrọbí ṣòfin pé ẹrú rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ lóyún, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ fún obìnrin lóyún. Láti inú òfin yìí ni oyún Adétutù ti di ẹ̀ṣẹ̀, tí ikú rẹ̀ fi dá ìjà sílẹ̀, tí ìjà náà fi ṣubú lu Ìyálóde fúnra rẹ̀. Bí a bá yọ òfin náà kúrò, eré náà á wó. Ìhun nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ìhun a máa ní ohun tí ó ń náni. Ẹfúnṣetán inú ìtàn jẹ́ oníṣòwò ńlá tí ó ń pèsè ohun ìjà fún àwọn ológun Ìbàdàn. Kí òfin náà lè gba àárín eré, òǹkọ̀wé fi púpọ̀ nínú ìyẹn sílẹ̀. Àwọn òpìtàn ti bá a jiyàn pé Ìyálóde ju òǹrorò inú eré lọ, mo sì gbà pé àríyànjiyàn wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni ó yẹ kí ó wáyé nínú kíláàsì: kí ni òǹkọ̀wé mú, kí ni ó fi sílẹ̀, bí ìwọ bá ni ín, kí ni ìwọ ìbá ṣe? Ìṣọ̀lá kò dúró síbẹ̀. Òun ni ó tún sọ eré Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká kọ di Ikú Olókùn-Ẹṣin ní Yorùbá. Èdè tí ó fi gboyè kò dè é lọ́wọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀ àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi fún kò ná wa ní owó. Fún ìwé kọ̀ọ̀kan tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣàlàyé, kí ó kọ ojú-ewé méjì tirẹ̀ ní Yorùbá, Faransé tàbí Gẹ̀ẹ́sì. Kí ó kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí wọ́n tọ́ka sí gbólóhùn tí kò yé wọn gan-an, kí ó sì tún un kọ. Bí ó bá sì béèrè pé kí ni ìhun, kí olùkọ́ jókòó, kí ó dá a lóhùn.