Nọ́ńbà Ẹsẹ Kì í Ṣe Ìmísí

Ní 1551, Robert Estienne fi nọ́ńbà ẹsẹ sínú Májẹ̀mú Titun èdè Gíríìkì. Ní 1560, Bíbélì Geneva fún ẹsẹ kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ètò náà rọrùn fún ojú, a sì tètè ń rí ibi tí à ń wá. Ṣùgbọ́n ó ń gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni Efesu 1:3–14 ní Gíríìkì. Lójú ìwé wa, ó dà bí òwe méjìlá. Orin ìránṣẹ́ Olúwa bẹ̀rẹ̀ ní Isaiah 52:13, pẹ̀lú ìgbéga rẹ̀. Ẹni tó bá já 53:5 nìkan gbà fún ìwàásù ìwòsàn ti pàdánù ògo náà. Ẹ̀yin òjíṣẹ́ Ọlọ́run, ẹ fi nọ́ńbà wá ibi kíkà; ẹ má fi pín ìtumọ̀. Kí ẹ tó gun pẹpẹ, ẹ ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e.