Ipa Ìṣúra àti Òwò nínú Eré Dungeons & Dragons: Àyẹ̀wò Kan

Ìfáárà

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ yẹ irú ìtàn kan wò tí ó yàtọ̀ sí èyí tí àwa olùkọ́ lítíréṣọ̀ sábà máa ń yẹ̀ wò. Ìtàn náà kò sí nínú ìwé kankan títí àwọn ènìyàn yóò fi jókòó yí tábìlì ká láti pa á. Eré Dungeons & Dragons ni à ń wí, èyí tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Bí a ṣe ń ṣe é ni pé olúkúlùkù òṣèré yóò mú ẹ̀dá-ìtàn kan: ó lè jẹ́ jagunjagun, oṣó, àlùfáà tàbí olè. Ẹnì kan yóò jẹ́ adarí eré. Òun ni yóò máa ṣàpèjúwe ihò abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n wọ̀, àwọn abàmì ẹ̀dá tí ń gbé ibẹ̀ àti ìṣúra tí ó pamọ́ síbẹ̀. Àwọn yòókù yóò máa sọ ohun tí ẹ̀dá-ìtàn wọn ṣe, dáìsì ni yóò sì sọ bóyá ó yọrí sí rere.

Ó rọrùn láti rò pé ìṣúra inú eré yìí kò ju ẹ̀bùn ìparí ìtàn lọ. A kò fara mọ́ èrò yìí. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé òfin tí ó de ìṣúra ni ó ń sọ irú ìtàn tí eré náà yóò jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ìlànà tí a fi ń máàkì ìdánwò ti ń sọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ́.

Wúrà gẹ́gẹ́ bí máàkì

Ẹ jẹ́ kí a fi ìwé òfin tí Tom Moldvay ṣàtúntò rẹ̀ ní ọdún 1981 ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé àlàyé rẹ̀ yéni yékéyéké. Ẹ̀dá-ìtàn kọ̀ọ̀kan a máa gba máàkì ìrírí. Jagunjagun tí ó wà ní ipele kìíní gbọ́dọ̀ ní 2,000 máàkì kí ó tó bọ́ sí ipele kejì. Bí àwọn òṣèré bá ṣẹ́gun ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀dá burúkú tí à ń pè ní orc, máàkì 10 péré ni wọn yóò jọ pín. Ṣùgbọ́n owó wúrà kan tí wọ́n bá gbé jáde, máàkì kan ni. Èyí já sí pé àpótí kan tí 1,000 owó wúrà wà nínú rẹ̀ tó 100 orc. Ó hàn gbangba pé òṣèré tí ó bá gbọ́n kò ní wá ìjà. Yóò yọ́ wọlé ni, yóò tan ẹ̀ṣọ́ jẹ, yóò bá ọ̀tá dúnàá-dúrà, bí ó bá sì le, yóò sá.

Òfin kejì wà tí ó ti èyí lẹ́yìn: owó ní ìwọ̀n. Owó 10 ni ó wọn pọ́n-ùn kan. Ẹni tí ẹrù rẹ̀ kò bá ju ìwọ̀n owó 400 lọ lè rin ẹsẹ̀ bàtà 120 nínú ìṣẹ́jú 10 bí ó ti ń wá inú ihò kiri. Bí ẹrù náà bá ju 800 lọ, ẹsẹ̀ bàtà 30 ni yóò lè rìn. Bí ó bá ti kọjá 1,600, kò lè gbé ẹsẹ̀ mọ́. Ìdí nìyí tí ìṣúra fi ń di ìṣòro nígbà tí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ tán. Kí ni kí a jù sílẹ̀? Owó bàbà ni, oúnjẹ ni, àbí ìhámọ́ra? Ọgbọ́n ìsọ̀tàn ni èyí, bí ó tilẹ̀ jọ ìṣirò lásán lójú ẹni tí ó kọ́kọ́ ka ìwé òfin náà.

Ọjà tí kò ní ọlọ́jà

Níbi òwò ni eré yìí ti kù díẹ̀ káàtó. Nínú Players Handbook ti ọdún 1978, Gygax to iye owó ọjà lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ṣàlàyé ìdí tí ọjà fi wọ́n. Ó fi ìlú inú eré wé àwọn ìlú Alaska nígbà tí àwọn ènìyàn ń rọ́ lọ wa wúrà, tí ẹyin kan di dọ́là kan. Àlàyé náà gún régé. Ṣùgbọ́n àtòjọ tí ó tẹ̀ lé e dúró sójú kan. Bí àwọn òṣèré bá kó 10,000 owó wúrà wọ ìlú lónìí, iye kan náà ni okùn yóò jẹ́ lọ́la, àfi bí adarí eré bá fúnra rẹ̀ yí i padà. Òfin ni ó ń gba owó náà padà, kì í ṣe ọjà: nínú Dungeon Masters Guide ti ọdún 1979, ẹni tí ó bá fẹ́ gòkè ní ipele yóò san 1,500 owó wúrà ní ọ̀nà ipele rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ fi èyí wé Traveller, eré ìrìn-àjò láàárín ìràwọ̀ tí Marc Miller ṣe ní ọdún 1977. Níbẹ̀, gbèsè ni a lè fi ra ọkọ̀: ìdá kan nínú 240 iye rẹ̀ ni a óò máa san lóṣooṣù fún 480 oṣù. Dáìsì ni ń sọ iye tí ọjà ń lọ, bí ayé tí a wà bá sì jẹ́ ti àgbẹ̀ tàbí ti ilé-iṣẹ́, ti olówó tàbí ti òtòṣì, iye náà yóò yí padà. Gbèsè oṣù tí ń bọ̀ ni ó ń ti ìtàn síwájú. Oníṣòwò ni akọni ibẹ̀.

Àyípadà òfin

Ní ọdún 1989, nínú ẹ̀dà kejì eré náà, gbígba máàkì fún wúrà di ohun tí adarí eré lè lò tàbí kí ó pa tì. Nígbà tí ẹ̀dà kẹta jáde ní ọdún 2000, ìṣẹ́gun abàmì ẹ̀dá àti ìṣòro mìíràn ni ó ń mú máàkì wá. Wúrà wá di ohun tí a fi ń ra ohun ìjà olóògùn, kí a lè tún lọ jà sí i.

Àwọn tí ó kọ òfin àtijọ́ ní ẹjọ́ tí ó tọ́ láti rò. Òfin náà ń yin ojúkòkòrò: ẹni tí ó ja ibojì lólè gba máàkì ju ẹni tí ó tú ẹrú sílẹ̀ lọ. A gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ kò sàn jù ú lọ, nítorí pé idà ni ó gba ipò ọgbọ́n. Ẹni tí ó bá ta ọjà erùpẹ̀, owó òkúta ni yóò gbà.

Ọ̀nà kẹta ti wà nílẹ̀ tipẹ́. Nínú The First Fantasy Campaign tí ó jáde ní ọdún 1977, Arneson ṣàlàyé pé ẹ̀dá-ìtàn kì í gba máàkì nítorí pé ó rí wúrà, bí kò ṣe nígbà tí ó bá ná an sórí ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́, ìbáà ṣe ọtí, ẹ̀sìn tàbí okìkí. Lérò tiwa, èyí ni ó dára jù lọ ní ti lítíréṣọ̀. Bí ẹnì kan ṣe rí owó lè fi agbára rẹ̀ hàn wá. Bí ó ṣe ná an ni yóò fi ìwà rẹ̀ hàn.

Àgbálọgbábọ̀

Ohun méjì ni a rí dì mú. Èkíní ni pé kí a má ṣe fi àwòrán dírágónì ara ìwé ṣèdájọ́ irú eré yìí. Ibi tí òfin ti ń pín èrè ni kí a ti wá èrò òǹkọ̀wé. Èkejì kan àwa tí a ń kọ ìbéèrè ìdánwò. Bí ó bá jẹ́ pé títo orúkọ ẹ̀dá-ìtàn àti sísọ ìtàn ní ṣókí ni a ń fi máàkì tí ó pọ̀ jù fún, kí a má bínú bí akẹ́kọ̀ọ́ bá há orúkọ sórí tí kò sì ka ìwé náà rárá. Kò rú òfin wa. Ó ka òfin náà dáadáa ni, ó sì lọ sí ibi tí wúrà wà.