Ta Ni A Kà? Ojú Lámèyítọ́ lórí Ìwádìí Nípa Bí Àrùn Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀ Ṣe Wọ́pọ̀ Tó

Ìfáárà
Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí. Ṣùgbọ́n àrùn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí yìí kì í sábà jẹ́ kí ojú rí òun. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ọ̀rá ti kó sí lẹ́dọ̀ ni kò mọ̀. Ojú rẹ̀ kì í pọ́n bí ti ẹni tí ibà apọ́njú ń ṣe. Nítorí náà, iye ẹni tó ní in kì í ṣe ohun tí a lè fojú bù. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé ìbéèrè méjì ló yẹ kí olùkọ́ kọ́kọ́ bi oníṣirò: ta ni o kà, kí ni o sì fi kà á?

Àwọn Tí A Kà
Onyekwere àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2011) ṣe ìwádìí ní ilé-ìwòsàn kan ní Èkó. Wọ́n rí àrùn náà lára 9.5% àwọn tó ní àtọ̀gbẹ àti 4.5% àwọn tí kò ní in. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 8.7%. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, nítorí àkọlé iṣẹ́ wọn gan-an dárúkọ ilé-ìwòsàn. Ọwọ́ àwọn tó yá iye náà lò ni àléébù wà. Nínú àwọn ìwé àkójọ, ó ti di 9% ti Nàìjíríà, wọ́n sì tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ 20% ti Sudan. Younossi àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2016), tí wọ́n fi àgbáyé sí 25.24%, fún Áfíríkà ní 13.48%. Ẹni tó lọ sí kíliníìkì àtọ̀gbẹ kò lè ṣojú ìyá aláta ní Baṣọ̀run tí kò dé ọsibítù láti ìgbà tó ti bí àbíkẹ́yìn.

Ohun Tí A Fi Kà
Sikáànù tó wọ́pọ̀ ní ilé-ìwòsàn wa kì í tètè rí ọ̀rá tí kò bá tíì tó nǹkan bí 20% sí 30% ẹ̀dọ̀. Ní Dallas, ní Amẹ́ríkà, Browning àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ (2004) fi ẹ̀rọ olóòfà, tí í rí ọ̀rá tó kéré sí i, yẹ ará ìlú 2,287 wò. Wọ́n rí ọ̀rá náà lára 33% àwọn aláwọ̀ funfun àti 24% àwọn aláwọ̀ dúdú. Ẹni tó bá fi 24% yìí wé 8.7% ti Èkó, tó wá ní ẹ̀dọ̀ tiwa le ju tiwọn lọ, kóńgò ló fi wọn èlùbọ́ níhìn-ín, ife ló fi wọ̀n ọ́n lọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ ọtí tún wà níbẹ̀. Orúkọ tí wọ́n ń pe àrùn náà tẹ́lẹ̀ yọ ọ̀mùtí sílẹ̀, ṣùgbọ́n igbá ẹmu kò ṣeé kà bí ìgò. Ní 2023, àwọn onímọ̀ yí orúkọ náà padà. Wọ́n ní ó kéré tán, ohun kan bí ìsanrajù, ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ tó ga gbọ́dọ̀ bá ọ̀rá náà rìn. A kò gbọdọ̀ ṣe àdàlù iye àtijọ́ àti tòní láìsọ bẹ́ẹ̀.

Àpẹẹrẹ Ìdíkàn
Bí ẹnìkan bá ní ìwádìí ojúlé-dé-ojúlé ju agbára wa lọ, Ìdíkàn ní Ìbàdàn ni ìdáhùn. Osuntokun, Ogunniyi àti àwọn akẹgbẹ́ wọn láti Indianapolis bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 1992 lórí àrùn iyèrírà àwọn àgbà. Wọ́n wo 2,494 ẹni tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní 1995 ni 2.29% ní Ìbàdàn, àti 4.82% láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ilé wọn ní Indianapolis. Ìlànà kan náà ni wọ́n lò níhà méjèèjì. Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ náà fi ṣeé gbára lé. Irú iṣẹ́ yìí ni ẹ̀dọ̀ ń retí.

Ìkádìí
Bí iye bá kéré lórí irọ́, ìjọba kò ní náwó sí i. Bí ó bá pọ̀ lórí irọ́, ẹ̀rù yóò sọ ará ìlú di oníbàárà àwọn tó ń ta àgbo tí wọ́n ní ó ń fọ ẹ̀dọ̀. Nítorí náà, kí olùkọ́ má ṣe kọ́ ọmọ pé àrùn ọ̀mùtí nìkan ni, kí ó má sì sọ pé mẹ́sàn-án nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ Nàìjíríà ló ní in. Kí ó kọ́ ọmọ láti béèrè ibi tí iye ti wá.