Gègé Ọmọ Ìkẹ́rẹ́ àti Ilẹ̀kùn Ọ̀gọ̀gà

Ní alẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí iná, àwa mélòó kan jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé tí a ń gbé ní ọgbà yunifásítì, ọ̀rọ̀ sì bọ́ sórí àwòrán. Mo ní, ní tèmi, agbára káká ni a fi lè rí ẹni tí ó mọ ènìyàn yà ní ilẹ̀ wa tó Délé Jẹ́gẹ́dẹ́. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa, tí ó kù díẹ̀ kí ó parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò, àwòrán ẹ̀fẹ̀ inú ìwé ìròyìn ni ìwọ ń pè ní iṣẹ́ ọnà? Ṣé ìwọ kò mọ̀ pé bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá ti mọ́, àkàrà ni a fi ń pọ́n?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. N kò rí èsì fọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Òun ni mo wá fọ̀ síhìn-ín.

Kí ẹni tí kò mọ Jẹ́gẹ́dẹ́ lè mọ̀ ọ́n: Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì ni a bí i sí ní 1945. Ó kọ́ iṣẹ́ ọnà ní Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria, ó sì jáde ní 1973. Láti 1974 títí di 1977 ni ó jẹ́ olóòtú àwòrán ní ilé iṣẹ́ Daily Times ní Èkó, ibẹ̀ ni òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ní 1983. Ó jẹ́ ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà Nàìjíríà láti 1989 dé 1992, lẹ́yìn èyí ni ó tún padà sí Amẹ́ríkà láti máa kọ́ni ní yunifásítì. Bí ó bá ń kọ orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà kékeré ni ó fi ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àti ti ara rẹ̀ àti ti baba rẹ̀. Àṣà yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí orúkọ baba ẹni yẹ kí ó ga lórí ìwé. Ṣùgbọ́n gègé rẹ̀ ni mo wá sọ̀rọ̀ lé lórí, kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ìgbà tí ó fi wà ní Daily Times ni owó epo rọ̀bì ń ṣàn bí omi òjò ní ilẹ̀ wa. Ní 1975, ìjọba ra sìmẹ́ǹtì tó bẹ́ẹ̀ tí èbúté Èkó kò fi lè gbà á, àwọn ọkọ̀ sì tò lọ bẹẹrẹ sórí òkun, wọ́n ń retí ìgbà tí yóò kàn wọ́n. Ìgbà ológun ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá fi ẹnu sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí, àtìmọ́lé kò jìnnà sí i. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, kí ni àwọn baba wa ń ṣe? Ẹlẹ́fẹ̀ yóò jáde ní òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eégún alárìnjó yóò sì gbé ìrìn ọ̀mùtí tàbí ti Òyìnbó wọ̀, ará ìlú yóò rẹ́rìn-ín, ẹni tí ọ̀rọ̀ bá sì bá wí yóò mọ̀ pé òun ni. Akínọlá Láṣekan, ọmọ Ọ̀wọ̀, ti fi irú ẹ̀fẹ̀ yìí bá àwọn Òyìnbó amúnisìn jà nínú West African Pilot ṣáájú òmìnira. Jẹ́gẹ́dẹ́ ní tirẹ̀ dojú gègé kọ àwa fúnra wa, èyí tí ó le jù. Àní ọmọdékùnrin oníjàngbọ̀n tí ó ń yà nínú Sunday Times, Kọ́lé, ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú: ọmọdé ni ó ń dàrú ilé, ṣùgbọ́n àgbà ni àṣírí rẹ̀ ń tú.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilà fúnra rẹ̀. Nínú èdè wa, ọmọ ìyá ni ayàwòrán àti olóòlà, nítorí ilà ni iṣẹ́ àwọn méjèèjì. Bí olóòlà bá ti fi abẹ kan ojú ọmọ, kò sí àtúnṣe mọ́. Ọwọ́ tí ó bá gbọ̀n ti ba ojú ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ títí ayé. Pẹ́ńsù ṣe é pa rẹ́, tàdáwà kò ṣe é pa rẹ́, tàdáwà ni Jẹ́gẹ́dẹ́ sì fi ń ṣe èyí tí ó dára jù nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ilà kan ṣoṣo yóò mú àyà, yóò sọ ọ́ di ikùn, ẹ óò sì ti mọ irú oúnjẹ tí ọ̀gbẹ́ni náà ń jẹ àti àpò ẹni tí ó ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀gbọ́n mi lè wí pé ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni a ti kọ́ èyí. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi dé ààfin Ìkẹ́rẹ́. Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére ọba Ìsẹ̀, gbẹ́ ilẹ̀kùn kan fún Ọ̀gọ̀gà. Lára rẹ̀ ni ó gbẹ́ bí ajẹ́lẹ̀ tí ń jẹ́ Ambrose ṣe wá kí ọba. Ọ̀gọ̀gà jókòó pẹ̀lú adé lórí, olorì rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Òyìnbó ńkọ́? Àwọn ènìyàn gbé e lérí, ó ká ẹsẹ̀ kò sínú àga híhá bí ẹni tí a kó sínú agọ̀ adìẹ. Orí àwọn ère náà yọ síta kúrò lára pákó, bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bọ́ sílẹ̀ wá bá wa. Ní ọdún tí Ọlọ́wẹ̀ ń gbẹ́ e, ajẹ́lẹ̀ ni ó ní àṣẹ, gbogbo ìlú ni ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà mọ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀ ó fi ìtóbi àti ìjókòó sọ ẹni tí iyì tọ́ sí. Ní ti òpó tí ó gbẹ́ fún ààfin yìí kan náà, ọba jókòó tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, olorì sì dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ga jù ú lọ fíìfíì. Ẹni tí ó bá ń wá ìwọ̀n fọ́tò níbẹ̀ yóò ní Ọlọ́wẹ̀ ṣì í. Kò ṣì í rárá: ẹni tí ó gbé adé ka orí ọba ni ó fi hàn wá.

N kò sọ pé Jẹ́gẹ́dẹ́ jogún Ọlọ́wẹ̀ o. Ọlọ́wẹ̀ kú ní 1938, ọdún méje kí a tó bí i, Zaria kì í sì í ṣe Ìsẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé àwọn méjèèjì kọ̀ láti fi ojú nìkan wo ènìyàn. Ìwà ni wọ́n fi ń wọn ara.

Àléébù kò ṣàì sí. Ní 1986, Jẹ́gẹ́dẹ́ ṣe ìpàtẹ kan lórí bí Èkó ti bàjẹ́, ó pè é ní Paradise Battered. Orúkọ náà ti pariwo jù létí mi. Nígbà tí inú bá bí ayàwòrán yìí gan-an, a máa fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan, àwòrán a sì di ìwàásù. Ibi tí ó ti pa ẹnu mọ́ ni mo fẹ́ràn. Àléébù kejì kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀: àwa tí a bí lẹ́yìn ìgbà náà kò mọ ẹni tí ó ni ikùn. A mọ̀ pé olè ni, orúkọ rẹ̀ ni kò yé wa mọ́.

Ní ti àkàrà, ẹ̀gbọ́n mi jàre díẹ̀. Ní 1924, wọ́n gba ilẹ̀kùn Ọ̀gọ̀gà lọ sí ìpàtẹ ńlá ní Wembley, Ọ̀gọ̀gà gba àga ìtẹ́ kan dípò rẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó wà títí di òní. Òpó náà wà ní Chicago. Ó ti jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n kò sọnù. Ìwé ìròyìn kò ní irú oríire bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo lọ wá èyí tí ó ti pẹ́ ní ilé ìkówèésí kan, etí ìwé náà ń rún mọ́ mi lọ́wọ́, kòkòrò sì ti jẹ ojú ìwé kan já èkejì. Mo ya fọ́tò èyí tí ó kù, mo gbé e tọ ẹ̀gbọ́n lọ. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbà á lọ́wọ́ mi, ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni ó ní, "Ta ni ọ̀gbẹ́ni yìí? Ó dà bí ẹni pé mo mọ̀ ọ́n."